Ṣíbí Kan Dín

Ní Grimsby, létí òkun tí ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó wá sin gbèsè,
nínú gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń ta ẹja ní gbàǹjo nígbà kan rí,
tí òórùn ẹja ò tíì jáde kúrò lára ògiri,
níbẹ̀ ni Hesper Oldroyd ti ní kí a kọ́kọ́ to àga.
Kì í ṣe orin. Àga.
"Mẹ́tàdínlógún. Ẹ tò ó róbótó. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni síwájú."
Èmi Clive Mumby, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta,
tí mo fi ọgbọ̀n ọdún la ikùn ẹja,
tí mo ń fọn tírọ́ńbóònù láti kékeré,
mo ní nínú ọkàn mi: ṣé àga ni mo wá kọ́?

Àwa mẹ́fà la jọ forúkọ sílẹ̀.
Rosheen tó ń ta gìtá nílé ọtí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
Zenon, ọmọ Póláǹdì, tó mọ gbogbo ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì,
àti Averil, tí kò mọ ohun èlò kankan
àyàfi àtẹ́wọ́, àti ẹ̀rín.
Averil ló kọ́kọ́ yege.
Ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn kó tán nínú mi.

Oṣù mẹ́ta ni Hesper fi tú wa palẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì.
Ó ní, "Clive, o ti sọ̀rọ̀ jù."
Ó ní, "Clive, èyí tí o fọn yẹn dùn. Ta ni o fọn ọ́n fún?"
Mo bojú wo bàtà mi.
Ó kọ́ wa láti ka ojú ọmọ kí a tó ka orin,
láti jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí,
irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè sọ tí a kò gbọdọ̀ gbé mì,
ẹni tí a ó sọ ọ́ fún, ìwé tí a ó kọ ọ́ sí.
Ó kọ́ wa bí a ṣe ń dúró.
Mo ti fi ọ̀bẹ tó kújú la ẹja nínú yìnyín;
dídúró le jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí òjò ń rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀,
àwọn ọmọ dé. Wọ́n ní mẹ́wàá ló ń bọ̀. Mẹ́rin ló wá.
Ọ̀kan nínú wọn, Corin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
fa fìlà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ bo orí dé imú,
ó kọ àga róbótó wa sílẹ̀,
ó lọ jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná lábẹ́ fèrèsé,
ó ń fi ṣíbí tíì lu páìpù rẹ̀:
kó, kó-kó. Kó, kó-kó.
Ara mi ń sọ pé: gba ṣíbí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.
Bí bàbá mi ì bá ti ṣe é nìyẹn, kí inú tó bí i pàápàá.
Mo wo Hesper. Hesper ń wo ife rẹ̀.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.
Òótọ́ ni. Ta ló gbé pẹpẹ sókè bẹ́ẹ̀?

Mo gbé tírọ́ńbóònù. Mi ò fọn ún.
Mo fi èékánná ta idẹ rẹ̀: kó, kó-kó.
Ó dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́, àfi òjò.
Mo rò pé mo ti bà á jẹ́.
Nígbà tó yá, ṣíbí náà sọ nǹkan mìíràn,
ohun kan tó gùn díẹ̀, tó ní ìkọsẹ̀ láàárín,
mo tẹ̀lé e, mo kọsẹ̀ níbi tó ti kọsẹ̀.
Averil da àtẹ́wọ́ sí i.
Rosheen wá okùn kan ṣoṣo lára gìtá rẹ̀.
Kì í ṣe orin tí ẹnikẹ́ni lè fún lórúkọ.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bóyá márùn-ún.

Corin ò ṣí fìlà. Kò rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ tẹ fèrè ọkọ̀ níta,
ó dìde, ó lọ, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó mú ṣíbí wa lọ.

Hesper kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo yọjú wò ó:
"Ṣíbí kan dín. Ẹ ra méjìlá."
Ó wá ní kí n kó àga padà sẹ́bàá ògiri.
Mo kó mẹ́rìndínlógún.
Ọ̀kan wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù,
mi ò tíì lọ gbé e.